Gbọ́ Àwo Alápótí Tán Kí O Tó Dá Ọkọ Mi Lẹ́jọ́

Mayfair, Johannesburg

Morẹ́nikẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Kí n tó sọ nǹkan kan, jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀. Mo ti di ìyàwó! Èmi tí àwọn ọmọdé ń dìde fún nínú bọ́ọ̀sì, mo ti di ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mò ń jí láràárọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín sí àjà ilé. Àwọn oníbàárà mi, tí wọ́n bá mú aṣọ wá fún rírán, wọ́n á kọ́kọ́ wò mí lójú, wọ́n á ní, “Mọ́mà, kí lẹ fi ń para?” Màá ní ọkọ ni mo fi ń para. Tí mo bá ń rán ẹ̀wù àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi á máa lu ẹ̀rọ ìránṣọ bíi pé ijó ni mò ń jó. Ayọ̀ yìí kún mi dé ọ̀fun.

Nítorí náà, tí mo bá sọ fún ọ pé inú ń bí mi, kí o mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú ẹni tí ayé sú. Ìbínú ẹni tó ní nǹkan tó ń dáàbò bò ni. Ìwọ lo bí mi nínú, Rẹ́nikẹ́, o sì bí mi nínú gan-an. N kò kọ lẹ́tà sí ọ rí láyé mi, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí n kò lè bá ọ sọ lórí fóònù. Èyí ju fóònù lọ. Tí mo bá pè ọ́, tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, o máa ń ní, “Mọ́mì, mo ti dé róbọ́ọ̀tì, iná ti yí, ṣáápù,” o ti pa á. Lẹ́tà kò ní róbọ́ọ̀tì, kò ní iná ojú pópó kankan. Jókòó kí o kà á.

Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ tuntun rẹ. Ọjọ́ tí o pè mí láti Midrand pé ilé-iṣẹ́ rédíò ti gbà ọ́ láti máa ṣe ètò orin, mo pariwo débi pé obìnrin Sòmálíà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sáré wọlé, ó rò pé olè ni. Nígbà tí o sì sọ pé ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí o ṣe ètò lé lórí ni Gbóyè Mànàmáná, ìlú mọ̀ọ́ká nínú àwọn onígìtá róòkì ilẹ̀ wa, tó tún jẹ́ ọkọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, mo ní Ọlọ́run ló tò ó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ètò náà jáde, a gbé rédíò sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ọkọ mi wẹ̀, ó wọ bùbá funfun, ó dé fìlà. Mo ní, “Ẹ̀yin náà, ṣé rédíò ń ríran ni?”

Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ọmọ wa ló fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa mi. Ṣé kí n jókòó láìdé fìlà ni?”

Ọmọ wa, ló wí.

O bẹ̀rẹ̀ dáadáa. O sọ̀rọ̀ nípa Ọ̀wàrà, bàǹdì tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà. O ní kò sẹ́ni tó ta gìtá bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ nílẹ̀ wa, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí bí ẹni tí wọ́n ń fi òróró pa lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà lo dé orí àwọn àwo mẹ́ta tó dá ṣe nígbà tó kúrò nínú bàǹdì náà. O ní, “Nígbà tí òjò dá, mànàmáná di ìṣáná tó tutù.” O ní ìgbéraga ló mú un kúrò. O ní ó yẹ kí wọ́n ti sin àwọn àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ bàǹdì. O wá dé orí èkejì, o ní, “Odindi àwo kan, ọkùnrin kan ń ké bí obìnrin.” O fi bíńtín lára rẹ̀ sí i, ìwọ àti akẹgbẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣe ètò bú sẹ́rìn-ín, ẹ sì pa á.

Ọkọ mi ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, “Ohùn rẹ̀ dùn lórí rédíò. Ọmọ náà mọ̀rọ̀ sọ.”

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan ní àárín ìgboro ti ń múra àwo tuntun sílẹ̀. Àwo tuntun, láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ọ! Ó máa ń ti ibẹ̀ dé, á máa kọrin ní bàlùwẹ̀, èmi náà á máa gbè é láti ilé ìdáná. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ètò rẹ, ó pe àwọn ọ̀dọ́ náà pé kí wọ́n má wulẹ̀ dúró de òun mọ́. Ó ti gìtá bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àwọn aṣọ òtútù mi. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbá. Ó ń já òwú lára bọ́tìnnì fún mi. Ọwọ́ yẹn, Rẹ́nikẹ́! Ọwọ́ tí gbogbo wa nílé ìwé máa ń di ìgbálẹ̀ mú láti fara wé, òun ló ń já òwú bọ́tìnnì báyìí. Mo ní kó dẹ́kun, ó ní iṣẹ́ náà tù ú lára. Irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé o bú ọkọ mi nìkan. Àwo kan wà tí a kò tíì bí, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ kejì ètò náà. O rántí ohun tí a bá ara wa sọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ojú rẹ rí i.

Mo ní, “Ṣé o gbọ́ àwo kejì yẹn tán?”

O ní, “Eish, Mọ́mì. Mo gbọ́ orin àkọ́kọ́. Mo gbọ́ díẹ̀ nínú èkejì, mo fò ó. Ta ló lè gbọ́ ìyẹn tán?”

“Kí ló wá dé tí o fi dájọ́ gbogbo rẹ̀?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá yìn ín, wọ́n á ní torí pé ọkọ màmá mi ni. Ọ̀gá mi ti ń wò mí báyìí báyìí. Mo ní láti fi hàn wọ́n pé n kì í ṣojúsàájú.”

“O fi hàn wọ́n lórí ta ni?”

O wá ní, “Iṣẹ́ ni, Mọ́mì. Ẹ má gbé e sára.” Lẹ́yìn náà o dé róbọ́ọ̀tì.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn mi rèé. Mo fẹ́ máa kà wọ́n ní èkíní, èkejì, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi lè mú kí n ṣì wọ́n kà. Ìwọ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Èkíní, ojúsàájú tí o ní o ń sá fún. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Adó-Èkìtì, wọ́n fi mí ṣe mọ́nítọ̀ kíláàsì. Ọmọ àǹtí mi wà nínú kíláàsì kan náà, gbogbo ènìyàn sì ń wojú mi bóyá màá máa bò ó. Lọ́jọ́ kan tí tíṣà jáde, kíláàsì dàrú. Nígbà tó padà dé, ó ní kí n mú àwọn tó pariwo jáde. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fà sókè ni ọmọ àǹtí mi. Ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni kò pariwo. Oorun ló ń sùn. Tíṣà wo itọ́ tó gbẹ sí i lẹ́nu, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé híhanrun ló fi pariwo ni?” Kíláàsì ya sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé n kò jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n kí o gbọ́ ohun tó dùn mí jù: kò sẹ́nì kan tó sọ pé n kì í ṣojúsàájú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀rù ń bà mí.

Rẹ́nikẹ́, ẹni tó lu ará ilé rẹ̀ ju àlejò lọ kí wọ́n lè pè é ní olódodo, ojúsàájú náà ló ṣe. Aṣọ kan náà ni. Ó kàn yí inú rẹ̀ síta ni. Àwọn tó gbọ́ràn dáadáa á sì rí ojú rírán rẹ̀. Tí o kò bá lè sọ̀rọ̀ nípa ọkọ ìyá rẹ láìgbè é, láìlù ú, kí o sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o gbà á, kí o wá fi ọkùnrin náà ṣe àkàbà gun òkè ọ́fíìsì? Ọmọ tí mo bí?

Èkejì, àgbọ́tán. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwọ kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan náà tán. Mo mọ bí ìwà yìí ṣe ń rí torí èmi náà hù ú, orí ọkùnrin yìí kan náà ni mo sì ti hù ú. Mo ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Èkó nígbà náà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Bísí gbọ́ pé Mànàmáná fẹ́ dá ṣeré, a wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, a lọ. A ń retí bàǹdì, a ń retí èéfín àti iná. Ọkùnrin náà jáde, òun nìkan, ó sì jókòó. Jókòó! Onígìtá róòkì wo ló ń jókòó?

Bísí kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?” Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà pariwo pé kí wọ́n lọ pe bàǹdì wa wá. Kó tó ta gìtá jìnnà, a ti jáde, a lọ jẹ ẹja díndín ní ẹnu géètì.

Nígbà tí eré parí, àwọn tó dúró bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọkùnrin kan ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Bísí ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?” Ọkùnrin náà wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ jáde, ẹ máa jẹ ẹja yín.”

Mo sọ ìtàn yìí fún ọkọ mi kí a tó ṣe ìgbéyàwó, torí n kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní, “Àbí ìwọ lo béèrè ẹsẹ̀ mi?” Mo ní rárá o, Bísí ni. Ó ní, “Bá mi sọ fún Bísí pé wọ́n ti wá ń dùn mí báyìí.” A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kí o wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti ìwọ. Èmi jáde, mo lọ jẹ ẹja, èmi nìkan ni mo pàdánù. Ìwọ jáde, o sì gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, o ní kí gbogbo ìlú bá ọ jáde.

Ẹ̀kẹta, mọ ohun tí ò ń bú. Jókòó kí èmi tí mi ò kọjá girama sọ èrò mi fún ọ nípa àwọn àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí n kì í ṣe ìyàwó tó ń fi ìfẹ́ dí etí. Etí mi là gbayawu.

Èyí àkọ́kọ́, aláwọ̀ pupa, ìjà ni. Ó ń bá àwọn tí wọ́n jọ wà nínú Ọ̀wàrà jà, orin lẹ́yìn orin. Gìtá pọ̀ nínú rẹ̀ bí ata nínú ọbẹ̀ ẹni tó ń bínú. Mo sọ fún un pé orin méjì péré ló dára níbẹ̀. Ó ní, “Méjì wo?” Mo dárúkọ wọn. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ọ̀kan ni.” Àwo kẹta, èyí tó ti wọ gíláàsì dúdú nínú àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, kò dára rárá. Àwọn tó ń ta àwo ló tì í pé kó fi dùùrù oníná sí i kí àwọn ènìyàn lè jó, ó sì gbà fún wọn. Tí àlejò bá ń bọ̀, ó máa ń ti àwo náà bọ abẹ́ àga. O tọ́ lórí ìyẹn. Ká ní ibẹ̀ lo dúró, ìwọ ìbá má gba lẹ́tà yìí.

Ṣùgbọ́n èkejì! Àwo alápótí! Ìwọ tí o fi rẹ́rìn-ín, ṣé o tilẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀? Àpótí ìjókòó kan ni wọ́n yà sí i, nínú àgbàlá, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Àpótí ìyá rẹ̀ ni. Ìyá yẹn, alámọ̀ ló máa ń kọ. Kí o má dà á rú mọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí orin ijó. Nílé wa ní Èkìtì, alámọ̀ ni àwọn obìnrin fi ń yin ìyàwó, òun ni wọ́n sì fi ń sin òkú lọ sílé. Obìnrin kan á gbé e láti òkè téńté, ohùn rẹ̀ á máa bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ẹrù wúwo kalẹ̀, àwọn yòókù á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ nísàlẹ̀ kó má baà já bọ́. Èmi fúnra mi kò lè gbọ́ ọ kí orí mi má wú.

Ìyá náà kú nígbà tí ọkọ mi wà lẹ́nu eré pẹ̀lú Ọ̀wàrà, lọ́nà jíjìn. Kó tó délé, wọ́n ti sin ín. Àwọn ará bàǹdì ní kó máa bọ̀, pé eré ń bẹ nílẹ̀. Ó ní òun kò lọ mọ́. Ohun tí o pè ní ìgbéraga nìyẹn. Ó jókòó sínú àgbàlá ìyá rẹ̀, ó gbé gìtá, ó ń wá ohùn ìyá rẹ̀ lára okùn. Ìdí tó fi jókòó níwájú èmi àti Bísí nìyẹn, torí ìyá rẹ̀ kì í kọ alámọ̀ lórí ìdúró. Ní ojú kejì àwo náà, kò la ẹnu rárá. Gìtá ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè téńté. Gìtá mìíràn tí okùn rẹ̀ nípọn, tí wọ́n ń pè ní béèsì, sì ń gbà á nísàlẹ̀, bí àwọn obìnrin yẹn ṣe ń gbà á.

“Ọkùnrin kan ń ké bí obìnrin,” o wí. Bẹ́ẹ̀ ni! Ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn! Ọkùnrin kì í kọ alámọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tó bá kọ ọ́, yẹ̀yẹ́ ló di. Ọkọ mi mọ̀. Òun tí àwọn ọmọbìnrin ń ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri, ó mọ̀ pé wọn yóò fi òun rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe é. Ojú rẹ rí ohun tó tóbi jù tí ọkùnrin yìí ṣe láyé rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ dárúkọ rẹ̀ lórí rédíò, o wá fi í ṣẹ̀rín. Ìdí rèé tí inú mi kò fi rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Tí o bá bi mí kí ni Mànàmáná fi sílẹ̀ fún ayé, n kò ní sọ pé Ọ̀wàrà. Mo fẹ́ràn Ọ̀wàrà. Mo jó o títí bàtà mi fi já. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ìbá ṣe irú rẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ọ̀dọ́ tó ní gìtá tó ń pariwo kò wọ́n. Ta ló tún máa gbé ohùn ìyá arúgbó kan láti abúlé Èkìtì sórí okùn gìtá, tí ẹni tí kò mọ ìyá náà rí á fi sunkún ní Èkó? Àwọn ọmọ tó ń ta gìtá nílé lónìí, gbọ́ wọn dáadáa. Tí wọ́n bá fẹ́ kí orin wọn dunni, wọ́n á gbé e láti òkè, wọ́n á máa sọ ọ́ kalẹ̀. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Inú àwo alápótí ni wọ́n ti rí i, àwo tó ń kó eruku nígbà tí ẹnì kan ń pè é ní ìṣáná.

Mo mọ̀ pé etí rẹ kò mọ alámọ̀. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ará Ìjẹ̀bú ni. Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ la ń sọ nílé, ìwọ sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Èkìtì tèmi máa ń wà, lórí fóònù, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi. N kò bá ọ jà lórí ohun tí a kò kọ́ ọ. Ohun tí mo bá ọ jà lé lórí ni pé o ní ẹni tí o lè bi. Ìyá rẹ wà láàyè. Ẹni tó ṣe àwo náà wà lórí àga ìyá rẹ, ó ń jẹ búrẹ́dì. “Mọ́mì, kí nìyí?” Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, kí ló ṣòro nínú rẹ̀? Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìwọ mọ̀nà tán kí o tó jáde nílé.

Mo tún gbọ́ pé ọ̀gá rẹ ti ní kí n bá yín bẹ ọkọ mi kó wá sórí ètò láti fèsì. Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́, pé yóò dára fún un, pé àwọn ènìyàn yóò tún rántí rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi fóònù lu ògiri. O ju ènìyàn lókò, o wá ní kó máa bọ̀ níta gbangba kó wá fi ọgbẹ́ hàn, kí ètò rẹ lè dùn! N kò jíṣẹ́ náà fún un, n kò sì ní jẹ́ ẹ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Rẹ́nikẹ́. Ojú ilé ni mo sì ń wí, kì í ṣe ojú ayé.

Mo tún rántí èyí. Ọ̀rọ̀ bí wàá ṣe máa pè é. N kò ní kí o pè é ní Dádì. Dádì kan lo ní, n kò sì fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ lẹ́nu rẹ. Lórí rédíò, máa pè é ní Mànàmáná bí gbogbo ayé ṣe ń pè é. Iṣẹ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí ètò náà parí, o pè é ní “arákùnrin yìí.” Èwo ni arákùnrin yìí? Arákùnrin yìí ló gbé ọ dé ibùdókọ̀ ojú irin nínú òjò lọ́jọ́ tí o wá yẹ aṣọ ìgbéyàwó wa wò. Ó ń fi agboòrùn bò ọ́, òjò ń pa òun.

Mo ti bínú tán. Rárá, n kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó tó.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Wá sílé ní Sọ́ńdè yìí, lẹ́yìn ìsìn. Màá gbé àwo alápótí sí i láti ojú kìíní dé ojú kejì, màá sì máa sọ fún ọ níbi tí ìyá náà ti ń yinni àti ibi tó ti ń sunkún. O kò ní fọwọ́ kan fóònù. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o yìn ín. Má ṣe yìn ín nítorí mi, má sì ṣe bẹ̀ ẹ́ lórí rédíò nítorí àánú. Ọkùnrin náà yóò mọ̀, yóò sì dùn ún ju ẹ̀rín yín lọ. Tí o bá gbọ́ ọ tán tí o ṣì sọ pé kò dára, sọ ọ́. Kí o sọ ọ́ fún un níwájú oúnjẹ mi, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Màá bu oúnjẹ fún ẹ̀yin méjèèjì bákan náà.

Jẹ́ kí n sọ àṣírí kan fún ọ nípa ọkọ mi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ bí a ṣe ń gbé pọ̀. Kò mọ ẹnu jà. Tí mo bá ní orin ìjọ kan falẹ̀ jù, kò ní dá mi lóhùn. Á kàn dìde, á lọ gbé gìtá, á ta orin náà bó ṣe yẹ kó rí, á wá wojú mi pé, ó tán àbí kò tán? Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí i, ó máa ń gbà fún un, á sì lọ gbálẹ̀. Ẹni tó bá bá a jiyàn, tó gbọ́ orin tó sì kọ̀ jálẹ̀, ẹni yẹn nìkan ló ń gbé e dìde.

Kò mọ̀ pé mo kọ̀wé sí ọ. Òun ló máa ń ṣí géètì ní Sọ́ńdè, torí náà òun ni wàá kọ́kọ́ rí. Kí Ọlọ́run tó fún mi láyọ̀ lọ́jọ́ alẹ́ mi fún ìwọ náà ní etí tó ń gbọ́ tán. Tí o bá dé, kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà, dìde, jókòó gbọ́ àwo rẹ̀, kí o sì bá a jiyàn títí tí yóò fi lọ fa gìtá yẹn jáde lẹ́yìn aṣọ òtútù mi.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú rẹ̀ dùn, tí inú sì ń bí i,
Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó Mànàmáná.